Ta Ló Jẹ̀bi Ikú Romeo àti Juliet? Ìdájọ́ Brooke àti ti Shakespeare

Ènìyàn mẹ́fà ló kú nínú Romeo and Juliet, eré onítàn William Shakespeare tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní ọdún 1597. Ìjà ojú títì ní ìlú Verona ló pa Mercutio, ọ̀rẹ́ Romeo, àti Tybalt, ìbátan Juliet. Ìbànújẹ́ pa ìyá Romeo nígbà tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ kúrò nílùú. Inú ibojì ìdílé Capulet, ìdílé Juliet, ni Romeo, Juliet àti Paris, ẹni tó fẹ́ fi Juliet ṣe aya, kú sí.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀sùn pín sí: ìwàǹwára àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì, àyànmọ́, Àlùfáà Laurence tó so wọ́n pọ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, àti àwọn àgbà Verona. Àpilẹ̀kọ yìí gbé wọn yẹ̀ wò, ó sì fara mọ́ èyí tó kẹ́yìn.

Ewì gígùn tí Arthur Brooke tẹ̀ jáde ní 1562 ni Shakespeare gbé eré rẹ̀ lé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, Brooke di ẹ̀bi ru àwọn olólùfẹ́: ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ló gbé wọn, wọn kò sì gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ewì náà gan-an kò le koko tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdájọ́ tó parí rẹ̀: wọ́n yẹgi fún apoògùn tó ta májèlé, wọ́n lé obìnrin tó tọ́ Juliet kúrò nílùú, wọ́n dá àlùfáà sílẹ̀. Olórí ilé Montague, ìdílé Romeo, àti ti Capulet, tí ìjà wà láàárín wọn, kò jìyà kankan. Mẹ̀kúnnù ló ru ú.

Àwọn tó ń di ẹ̀bi ru àyànmọ́ náà ní ẹ̀rí. Shakespeare dárúkọ ìràwọ̀ burúkú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Lẹ́tà tí ì bá sì gba Romeo là, tó sọ pé Juliet kàn sùn ni, kò dé Mantua níbi tí Romeo sá lọ, nítorí wọ́n ti Àlùfáà John tó ń mú un lọ mọ́lé lórí ìfura àjàkálẹ̀ àrùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan ṣoṣo kì bá tí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè bí kò bá jẹ́ pé ìgbéyàwó bòńkẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe. Ìṣọ̀tá ilé méjèèjì ló sì sọ ọ́ di bòńkẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ Àlùfáà Laurence nira díẹ̀. Ó so wọ́n pọ̀ nítorí ó retí pé ìgbéyàwó náà yóò parí ìjà. Òun ló fún Juliet ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42; òun náà ló gbọ́ ìró àwọn ẹ̀ṣọ́ tó sá lọ, tó fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 sílẹ̀ nínú ibojì pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀. Sísá yẹn kò ní àwíjàre. Síbẹ̀, kí Juliet tó mu oògùn, baba rẹ̀ ti lérí pé òun yóò lé e síta bí kò bá fẹ́ Paris, ó sì fa ìgbéyàwó ọ̀hún wá láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà nínú ohun tí Shakespeare fi kún ìtàn Brooke. Nínú ewì Brooke, ẹnikẹ́ni kò pa Mercutio tàbí Paris. Shakespeare pa àwọn méjèèjì, ìbátan Escalus tó ń ṣèjọba Verona sì ni wọ́n. Ìjà ìgboro mẹ́ta ti wáyé kí Escalus tó fi ikú halẹ̀ mọ́ àwọn oníjà. Níwájú òkú, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé dídijú tí òun dijú sí ìjà náà ló gba ìbátan méjì lọ́wọ́ òun. Ó ní òun yóò dárí ji àwọn kan, òun yóò fìyà jẹ àwọn kan, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bí a bá ní ká dárúkọ wọn, Montague àti Capulet ló ṣíwájú, nítorí wọ́n lágbára láti parí ìjà, wọ́n sì dúró títí ọmọ fi kú. Escalus ló tẹ̀ lé wọn, Laurence ló ṣìkẹta. Ọwọ́ Romeo kò mọ́ nínú ikú Tybalt àti Paris. Juliet kò pa ẹnikẹ́ni àfi ara rẹ̀.