Àgbàlá Tí A Fi Òrùlé Bò

Ẹni tó bá ti wá yàrá rí ní Ilé-Ifẹ̀ lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọlé mọ bó ṣe ń rí. Bẹ́ẹ̀dì inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kì í kárí, ló bá di pé kéèyàn máa wá ilé kiri ní Mayfair àti lójú ọ̀nà Ẹdẹ. Éjẹ́ǹtì á gba tiẹ̀, lánlọ́ọ̀dù á ní òun fẹ́ owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá wá dé yàrá ọ̀hún, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn kan, ilẹ̀kùn náà sì dojú kọ ti ẹlòmíì nínú pásẹ́èjì tó ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Face-me-I-face-you nìyẹn, kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ.

Bí wọ́n bá ní kí ìjọba kọ́ ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé máa jọ gbé, tí kò ní wọ́n, ó máa ń dún bí ọgbọ́n tuntun. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀pọ̀ ìdílé ti wà ní Ifẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?

Ìdáhùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀ Ifẹ̀, àpáàdì wà níbi púpọ̀ tí àwọn ará àtijọ́ tò ní ìdúró, ọ̀kan ti èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, títí tó fi di ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ kò lè ràn. Ìtàn ẹnu sọ pé Lúwo, Ọọ̀ni obìnrin, ló ní kí wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà kí aṣọ òun má bàa kó ẹrẹ̀. Ní 1971 sí 1972, awalẹ̀pìtàn Peter Garlake gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀ Ọbalárá. Ohun tó rí níbẹ̀ mú un gbà pé kì í ṣe ojú ọ̀nà nìkan ni wọ́n ń fi àpáàdì tẹ́: àgbàlá ilé wà níbẹ̀, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ká.

Ẹ fojú inú wo ilé náà. Yàrá wà ní apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òrùlé gbogbo wọn sì rọ̀ wá sí àárín. Tí òjò bá rọ̀, àgbàlá ni omi ń dà sí. Ìkòkò á gba èyí tí wọ́n máa lò, ìyókù á bá ojú àgbàrá lọ. Ibẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tí baálé ti ń parí ìjà. Inú yàrá kéré, ó sì ṣókùnkùn, àmọ́ oorun àti ẹrù nìkan ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí agbo ilé má wọ́n hàn kedere. Tí ọmọkùnrin bá fẹ́ gbéyàwó, wọ́n á fi yàrá kún ti tẹ́lẹ̀, ògiri kan á sì ṣiṣẹ́ fún ìdílé méjì. Amọ̀ wá láti ilẹ̀ tó wà nítòsí, ewé gbọ̀dọ̀gì wá láti inú igbó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí, kò sí ẹni tó ń san owó ilé.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ àtijọ́ di ọ̀run o. Iná lè ti orí òrùlé kan ran gbogbo agbo ilé. Àṣírí kò rọrùn láti pamọ́. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé, ojú àlejò ni wọ́n fi ń wò ó.

Lẹ́yìn náà làwọn Àgùdà dé. Láàárín ọdún 1800 sí 1900, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Èkó. Bíríkìlà àti káfíńtà wà nínú wọn, ilé tí wọ́n sì ń kọ́ ní pásẹ́èjì láàárín, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Nígbà tí owó kòkó dé, tí páànù sì wọ́pọ̀, irú ilé yìí tàn ká ilẹ̀ Yorùbá, ó dé Ifẹ̀, ó di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ilé ẹbí ọlọ́lá ni nígbà yẹn, ó sì dára lójú.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó di ilé owó. Ẹni tó ń kọ́lé kó lè fi háyà ò rí èrè kankan nínú àgbàlá, torí kò sẹ́ni tó ń san owó lórí ojú ọ̀run. Ó bá yọ àgbàlá kúrò, ó fi páànù bo àárín, ó sì fi yàrá kún yàrá. Èrò tó ń gbé agbo ilé kò dín kù, yàrá ò sì tóbi sí i. Afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ àti baálé ló lọ.

Ìjọba náà gbìyànjú. Àjàkálẹ̀ àrùn eku ní Èkó ló mú kí wọ́n dá LEDB sílẹ̀ ní 1928. Ní 1955, àjọ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n kó ọ̀pọ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris tó ṣèwádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé ilé tuntun mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọjà bàjẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́, ẹbí sì tú ká. Ilé tí Látèéfù Jákáńdè kọ́ láàárín 1979 sí 1983 sún mọ́ mẹ̀kúnnù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ ṣì fi wà lára àwọn ẹ́sítéètì náà dòní.

Àwọn ìlú kan ò yọ àgbàlá kúrò. Ní Vienna, láàárín 1919 sí 1934, ìjọba ìlú gba owó orí lọ́wọ́ olówó, wọ́n fi kọ́ ilé tó lé ní 60,000 fún òṣìṣẹ́. Karl-Marx-Hof tí wọ́n parí ní 1930 gba ìdílé 1,382, síbẹ̀ ilé ò gbà ju nǹkan bí ìdá márùn-ún ilẹ̀ náà lọ. Ìyókù jẹ́ àgbàlá àti ọgbà. Ẹ mọ ìtumọ̀ "Hof"? Àgbàlá ni.

Èyí tó kù fún wa láti yanjú ni ọ̀rọ̀ àlejò. Ẹ̀jẹ̀ ló so agbo ilé pọ̀, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Òkìtìpupa àti nọ́ọ̀sì láti Ìlọrin kì í ṣe ẹbí. Ṣùgbọ́n ṣebí a mọ bí àwọn tí kò bára tan ṣe ń dá owó jọ? Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù wà káàkiri, tí olùkọ́ àti oníṣòwò ń fi ra ilẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n máa ń gé sí púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, kálukú á sì lọ máa dá tiẹ̀ mọ. Ìdílé mẹ́jọ lè jọ kọ́ ilé alájà méjì yí àgbàlá kan ká, kí wọ́n jọ gbẹ́ kànga kan, kí ògiri kan tún ṣiṣẹ́ fún ìdílé méjì. Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

Lọ́jọ́ míì tí éjẹ́ǹtì bá mú yín lọ wo yàrá, ẹ dúró díẹ̀ nínú pásẹ́èjì yẹn, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Ibi tí páànù wà yẹn, ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.