Bí Katakata Oko Ṣe Ń Kó Yìnyín Kúrò Lójú Ọ̀nà

Ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland, bí yìnyín bá bo ọ̀nà nígbà òtútù, àwọn àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń háyà láti la ọ̀nà abúlé, kí ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lè kọjá. Katakata tí wọ́n fi ń túlẹ̀ náà ni wọ́n ń so abẹ irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ níwájú. Wọ́n a di ẹrù wúwo sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n a sì fi ṣéènì yí táyà ká, kí ó má baà yọ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ nìkan kò ká omi tó ti dì mọ́ ọ̀dà. Iyọ̀ ni wọ́n ń fọ́n sí i, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Bí òtútù bá mú gan-an, agbára iyọ̀ a dín kù, yanrìn ni wọ́n a fọ́n kí táyà lè rí ibi dì mú.

Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín dànù ló léwu jù. Ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ibẹ̀ sábà máa ń yí ní ìgbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kan etí aṣọ, ó di kí ó wé e mọ́ra pẹ̀lú ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí yìnyín bá dí ẹ̀rọ náà lẹ́nu, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo rẹ̀ dúró pátápátá, kí a tó fi igi tú u. A kì í fi ọwọ́ tú u.