Ìfikùnlukùn tàbí Ogún: Èrò Tó Bí Ìjọba Ṣókótó àti Bó Ṣe Rí ní Ìlọrin

Aáfàà ni àwọn tó dá ìjọba Ṣókótó sílẹ̀ kí wọ́n tó di jagunjagun. Ṣéù Uthman dan Fodio, tí wọ́n bí ní Gobir ní 1754, ti wàásù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Degel kó tó ṣí lọ sí Gudu ní 1804, níbi tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ti fi í jẹ olórí. Nígbà tí Alkalawa, olú-ìlú Gobir, fi máa ṣubú ní 1808, wọ́n ti ń kọ irú ìjọba tí wọ́n fẹ́ sílẹ̀ nínú ìwé.

Inú Kitāb al-Farq, ìwé tí Ṣéù kọ, ni ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ìwé ẹ̀sùn ni. Ṣéù ka ìwà àwọn ọba Hausa lẹ́sẹẹsẹ: wọ́n ń gba owó màlúù tí wọ́n ń pè ní jangali, èyí tí òfin Ìsìláàmù kò mọ̀, wọ́n ń fi ipá mú ẹran tálákà láti fi ru oúnjẹ lọ sí ààfin. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ẹran rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ẹrù lè rí i gbà padà. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e, ó di àwátì. Ẹni tí ojú rẹ̀ rí i nìkan ló lè kọ irú èyí. Ẹ̀sùn tó wúwo jù lójú tèmi ni pé wọ́n sọ oyè di ogún, wọ́n ń fi ipá jẹ ẹ́ láìfikùnlukùn. Ní ti Ṣéù, ẹni tó bá ń wá oyè kiri kò yẹ kó jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ fi padà wá bá àwọn ará Ṣéù fúnra wọn. Ní 1807, Abdullahi, àbúrò Ṣéù, fi ojú ogun sílẹ̀ nítorí pé ìwọra àwọn jagunjagun sú u. Ó yà sí Kano, ó sì kọ ìwé Ḍiyāʾ al-Ḥukkām fún àwọn ará ibẹ̀. Al-Kanemi, olórí ní Borno, náà béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbógun ti Mùsùlùmí ẹgbẹ́ wọn. Muhammad Bello, ọmọ Ṣéù, fèsì, ó sì kó àwọn lẹ́tà náà sínú ìwé rẹ̀, Infāq al-Maysūr. Nígbà tí Ṣéù kú ní 1817, Bello ló jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀. Abdullahi kò rí i gbà. Ìpín Gwandu nínú ìjọba náà ló kù sí i lọ́wọ́.

Àwa tí à ń gbé Ìbà àti Ọjọ́ ní Èkó, tí Àlàbá Ràgó, ọjà àwọn ará Òkè Ọya, kò jìnnà sí wa, a lè rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ọya nìkan nìyí. Ìlọrin kò jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya ìlú náà kúrò lábẹ́ Aláàfin kó tó ké sí Ṣéù Àlímì, aáfàà Fúlàní. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Àfọ̀njá, Abdulsalami ọmọ Àlímì di Ẹ́míà lábẹ́ Gwandu, oyè náà kò sì kúrò ní ìdílé Àlímì títí di òní. Ogún ni òun náà.

Ṣùgbọ́n Ẹ́míà kò dá ṣe ìjọba. Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjíkòbí àti Balógun Àlànámú ló ni àwọn ọmọ ogun, àwọn méjì ìkẹyìn sì jẹ́ olórí àwọn Yorùbá. Èmi kò rí i pé inú ìwé Ṣéù ni agbára wọn ti wá. Ó jọ ti àwọn olóyè ogun ilẹ̀ Yorùbá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára yìí hàn nígbà tí Ẹ́míà Mọ́mà fẹ́ bá ìjọba àwọn Òyìnbó ní Èkó rẹ́. Àwọn Balógun kò fẹ́. Ní 1895 wọ́n dìde sí i, ó sì kú nínú ìdìtẹ̀ náà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ àwọn Òyìnbó, wọ Ìlọrin.