Ta Ló Tẹ̀ Lé Aláìsàn Lọ Aro?

Bí ìyàwó bá ń fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó jẹun, àwọn kan ní Ọ̀fàdà níbí á ní kí ọkọ gbé e lọ Aro, kó sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀. Ìtàn Aro ò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú abúlé níbẹ̀, aláìsàn kì í dá wá. Ẹbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ bá a wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín ará abúlé.

OCD ni àìsàn afọwọ́léraléra yìí lè jẹ́. Ní 1966, Victor Meyer ní London kọ nípa aláìsàn méjì tó gbádùn: wọ́n kojú ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe léraléra láti fi pa ẹ̀rù náà. Nítorí náà, ọkọ tó ń pọnmi ìfọwọ́ kẹwàá, àìsàn ló ń bọ́. Kó bá a lọ, kó dúró tì í, ṣùgbọ́n kó má pọnmi.