Néon tí kò ní néon nínú: ìtàn iná gígùn orí tábìlì iṣẹ́ wa



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Àjàṣẹ́ pè mí. Ó ní, "Mẹ́tìrì, néon méjì ti kú níbi iṣẹ́ mi. Mo lọ sọ́jà, ẹni tó ń tà á ní kí n yáa ra LED, pé néon ò ní pẹ́ tán nílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ tajà?" Mo ní òótọ́ ni. Mo wá fi kún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ̀ ń pè ní néon yẹn, kò sí néon nínú rẹ̀ rárá." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìtàn yìí, kí òun àti ẹ̀yin náà lè kà á.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Néon wà nínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí, àmọ́ ó kéré gan-an: nínú lítà afẹ́fẹ́ 100,000, néon ò tó lítà 2. William Ramsay àti Morris Travers ló rí i ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1898. Wọ́n fún un ní orúkọ láti inú èdè Gíríìkì, tó túmọ̀ sí "tuntun".

Ní ilẹ̀ Faransé, Georges Claude wà lára àwọn tó dá Air Liquide sílẹ̀ ní 1902. Iṣẹ́ wọn ni láti mú afẹ́fẹ́ tutù títí tó fi máa di omi, kí wọ́n lè yọ oxygène nínú rẹ̀. Néon jẹ́ ohun tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Claude rọ ọ́ sínú dígí gígùn, ó fi iná sí i, dígí náà sì tàn pupa. Ní oṣù Kejìlá 1910, ó gbé e hàn níbi àfihàn ọkọ̀ ní Grand Palais ní Párísì. Ìmọ́lẹ̀ pupa yẹn dára fún pátákó ìpolówó, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ránṣọ tàbí kàwé? Nígbà tí túùbù funfun wá dé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń sọ Faransé rí dígí gígùn tó ń tàn, wọ́n sì ń pe òun náà ní néon. Ẹnu wọn ni àwa náà ti gbà á.

Ìtàn Claude fúnra rẹ̀ ò parí dáadáa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó gbè sẹ́yìn àwọn Násì tó gba ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1945, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n gbére fún un, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Èèyàn lè tan iná fún ìlú, kí òun fúnra rẹ̀ ṣìnà.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an

Mercure ló wà nínú túùbù wa, irin tó ń ṣàn bí omi, irú èyí tó máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Kò ju mílígíráàmù díẹ̀ lọ. Bí iná bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń mú ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú èèyàn ò lè rí. Lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n fi kun inú dígí náà ló ń gba ìmọ́lẹ̀ yẹn, tó sì ń sọ ọ́ di èyí tí ojú wa ń rí.

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ronú kan gbogbo èyí. Ní 1857, Heinrich Geissler, ará Jámánì tó ń fi dígí ṣiṣẹ́, ṣe dígí tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Edmond Becquerel ní ilẹ̀ Faransé fi àwọn lẹ́búlẹ́bú tó ń tàn sínú irú dígí bẹ́ẹ̀. (Ọmọ rẹ̀ ni Henri Becquerel tí à ń kọ́ àwọn ọmọ nípa rẹ̀ ní kíláàsì.) Ní 1901, Peter Cooper Hewitt ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ fún iná mercure. Iná rẹ̀ tàn dáadáa, àmọ́ ó sọ ojú gbogbo ènìyàn di bí ojú òkú. Ní 1926, Edmund Germer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bẹ̀líìnì so mercure àti lẹ́búlẹ́bú pọ̀. Ní 1938, lẹ́yìn iṣẹ́ George Inman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní General Electric, túùbù náà bọ́ sọ́jà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn gba ohun tí ẹlòmíràn ṣe, ó sì yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀.

Bó ṣe ń tàn, àti ìdí tó fi ń ṣẹ́jú

Nínú réglette, ìyẹn àpótí irin gígùn tó gbé túùbù dúró, ohun méjì ló ṣe pàtàkì: ballast, wáyà bàbà tí wọ́n wé mọ́ irin, àti starter, ike kékeré rọ́bótó yẹn. Bí ẹ bá tẹ iná, afẹ́fẹ́ inú starter á tàn, á gbóná, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ á tẹ̀, á sì kan èkejì. Iná á wá gba wáyà tín-ín-rín tó wà ní orí méjèèjì túùbù kọjá, wọn á gbóná. Irin starter á tutù, á já kúrò lára èkejì. Ìgbà tó já yẹn gan-an ni ballast á ta iná líle kan jáde, túùbù á sì gbiná. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ ballast ni láti di iná mú kó má pọ̀ jù.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín: afẹ́fẹ́ inú starter yẹn sábà máa ń jẹ́ argon tàbí néon! Bí néon kankan bá wà nínú réglette yín, inú ike kékeré tí ẹnikẹ́ni kì í wò ló wà.

Iná tó lágbára ni túùbù yìí ń fẹ́ kó tó gbiná. Ní 1968, Tógò àti Dahomey, bí Benin ṣe ń jẹ́ nígbà náà, dá CEB sílẹ̀ pa pọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iná ń wá bá wa láti ìsédò Akosombo ní Gánà. Ní 1987, ìsédò Nangbéto lórí odò Mono bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí 1998, nígbà tí omi Akosombo fà, mọ ohun tí délestage ń jẹ́. Bí iná bá sì dé láìlágbára, túùbù á kàn máa ṣẹ́jú, starter á máa gbìyànjú lásán títí táá fi bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó ju túùbù tó ń ṣẹ́jú nù, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ starter. Bí orí méjèèjì bá ti dúdú, túùbù ló ti gbó. Bí orí méjèèjì bá ń pọ́n láìtàn, starter ló lẹ̀ pọ̀.

Ewu kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Iná wa ń lọ, ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà túùbù oní-ballast yìí ń wálẹ̀, ó ń gòkè ní ìgbà 100. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé lábẹ́ túùbù kan ṣoṣo, òun ti rí i tí abẹ́ ayùn oníná tó ń sáré dà bí ẹni pé ó rọra ń yí padà sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fọwọ́ kàn án nítorí ohun tí ojú rẹ̀ rí, ìka rẹ̀ ló fi ń tàfàlà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń so túùbù méjì pa pọ̀ lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ń wálẹ̀, èkejì ń gòkè.

Ilé kan náà, ayálégbé ló ń yí padà

Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lérí ní 1973, wọ́n ṣe túùbù tó tín-ín-rín sí i: láti mílímítà 38 sí 26, láti wáàtì 40 sí 36. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ní mítà 1.20, kó lè wọ inú réglette àtijọ́. LED náà ń tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn lónìí: wáàtì bíi 18, gígùn kan náà.

Kí ló wá dé tí túùbù mercure fi ń lọ? Ẹ rántí Minamata ní Japan, níbi tí mercure láti ilé-iṣẹ́ kan ti wọ inú òkun, tó wọ inú ẹja, tó sì ba ayé àwọn tó jẹ ẹ́ jẹ́. Orúkọ ìlú yẹn ni wọ́n fi sọ àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013. Benin àti Tógò wà nínú rẹ̀. Ní 2023, ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé títí òpin 2027, kí ṣíṣe àti kíkó túùbù wọ̀nyí wọ̀lú dópin.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ má ju réglette nù. Ẹ pa disjoncteur, ẹ sì fi ohun èlò dán an wò pé kò síná níbẹ̀. LED tó wá pẹ̀lú starter tirẹ̀ rọrùn jù lórí ballast olówáyà: ẹ yọ starter àtijọ́, ẹ fi tirẹ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ní kí ẹ yọ ballast kúrò, ẹ wo àwòrán inú páálí dáadáa, nítorí àwọn kan ń gba iná ní orí kan, àwọn míì ní orí méjèèjì. Bí ọwọ́ yín ò bá dá a, ẹ pe oníná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára réglette: "LED nìkan". Ẹni tó bá ki túùbù àtijọ́ sínú réglette tí kò ní ballast mọ́, túùbù náà lè fọ́ mọ́ ọn lójú.

Èyí tó ti kú ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣe idà. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré, a ò mọ̀. Bí ó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ fi páálí kó àfọ́kù rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ lásán kó o.

Ẹ̀gbọ́n mi ti tún méjèèjì ṣe báyìí. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mẹ́tìrì, wo néon mi tuntun." Mi ò tún bá a jiyàn mọ́.

Ní àdúgbò tiyín, kí ni àwọn àgbà ń pe iná yìí kí orúkọ néon tó borí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa.