Àìsàn ohùn àti iṣẹ́ òòjọ́

Àìsàn ohùn ni àìlera tí kì í jẹ́ kí ohùn ènìyàn jáde bí ó ti yẹ: ó lè há, ó lè máa já lẹ́nu ọ̀rọ̀, ó sì lè pòórá pátápátá. Ohun méjì ni ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ Yorùbá, nítorí pé ohùn náà ni a ń pe ìró ọ̀fun, ohùn náà sì ni òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó ya ọkọ́, ọkọ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀.

Okùnfà

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ́fun ọkùnrin, àti nǹkan bí 200 lọ́fun obìnrin. Igbe kíké lójoojúmọ́ lè mú kí ó wú, kí ó sì yọ kókó kéékèèké. Àwọn olùkọ́, akọrin àti oníwàásù ni a sábà ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ní Palmgrove, ibùdókọ̀ tí ó wà ní òpópónà Ìkòròdú, ohùn ni irinṣẹ́ kọ́ńdọ́ dáńfó àti àwọn tí ń kiri ọjà, ìró ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì ń bá figagbága. Ní Ṣómólú tó wà nítòsí, àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé náà ń sọ̀rọ̀ lórí ariwo ẹ̀rọ.

Ìtọ́jú

Ohùn tí ó bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ yẹ ní àyẹ̀wò dókítà, nítorí jẹjẹrẹ ọ̀fun náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Kókó sábà máa ń fà sẹ́yìn bí aláìsàn bá kọ́ láti sọ̀rọ̀ láìfi ipá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a lè fi iṣẹ́ abẹ mú un kúrò. Lẹ́yìn èyí, aláìsàn a dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Wúyẹ́wúyẹ́ kò ṣe é fi rọ́pò: ó ń ni ọ̀fun lára, bẹ́ẹ̀ ni tán-án-ná kì í gbọ̀n nínú rẹ̀, ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ a sì di bàìbàì.

Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó nira jù. Olùkọ́ ìjọba lè gba ìsinmi àìsàn. Kọ́ńdọ́ tí ó ń jẹun lórí iye èrò tí ó bá kó kò ní irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì padà sídìí igbe kíké kí ọgbẹ́ tó jinná lè tún yọ kókó. Ní Pólàndì, òfin ka àìsàn ohùn tí ó ti inú iṣẹ́ ọdún 15 ó kéré tán wá mọ́ àrùn iṣẹ́.

Oríṣi kan wà tí kókó kò sí nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní spasmodic dysphonia: iṣan tán-án-ná a máa sún kì fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ botulinum ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú rẹ̀. Ohùn a kọ́kọ́ fúyẹ́ bí èémí fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò dára fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, kí a tó tún gún un. Àyẹ̀wò fi àìsàn yìí hàn lára Diane Rehm, atọ́kùn ètò rédíò ní Amẹ́ríkà, ní 1998. Ó ń gba abẹ́rẹ́, ó sì ń bá ètò rẹ̀ lọ títí di 2016.