Ìlérí Olóṣèlú àti Ìjíhìn: Ta Ni Ará Galadimawa Yóò Bi Léèrè?

Ìfáàrà

Nínú ìbò ààrẹ tó wáyé ní oṣù Èrèlé ọdún 2023, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 281,717 ní Olú-Ìlú Àpapọ̀, Àbújá. Bọ́lá Tinúbú ti ẹgbẹ́ APC ní 90,902. Tinúbú ló wọlé ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì búra wọlé fún Nyesom Wike, gómìnà Rivers tẹ́lẹ̀rí, gẹ́gẹ́ bíi mínísítà Àbújá ní ọjọ́ 21 oṣù Ògún ọdún náà. Kò sí ohun tó ta ko òfin nínú èyí. Síbẹ̀, ó tú àṣírí ohun kan tí àwọn tó ń jiyàn lórí ìlérí olóṣèlú kì í sábà kà sí. Bí a bá ń béèrè bóyá ó yẹ kí olóṣèlú jíhìn fún ìlérí tí kò mú ṣẹ, a ti gbà láìsọ pé ẹni tó ṣèlérí ló ń ṣèjọba, àti pé ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún ló ní ìbò tí yóò fi bá a wí. Ní Galadimawa, àdúgbò kan lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ AMAC (Abuja Municipal Area Council) ní Àbújá, èrò yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ẹni tó ń la ọ̀nà, tó ń pín ilẹ̀, tó sì ń pinnu ilé tí wọ́n máa wó, kò tọrọ ìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ó yẹ kí olóṣèlú jíhìn fún ìlérí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjíhìn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Àlàyé ní gbangba ni, èyí tó ní déètì, iye owó àti orúkọ. Kò sì lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí òfin bá ti já okùn tó so ẹni tó ṣèlérí mọ́ ẹni tó ń dìbò.

Ìlérí mẹ́ta, ẹ̀bi mẹ́ta

Ìlérí tí kò ṣẹ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Èkíní ni èyí tí ẹni tó ṣe é mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò lè ṣẹ. Irọ́ ni a ń pe ìyẹn. Èkejì ni èyí tó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n tí wọ́n pa tì nígbà tí àga ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ohun tó ju agbára ìjọba lọ dí lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀bi kan náà kan àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ṣèdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n báwo ni ará ìlú yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ irọ́ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àìlágbára? Àwọn àgbà ní ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Ìlérí tó bá ní déètì àti iye owó nìkan ni a lè wo ọrùn ẹni tó ṣe é.

Àpẹẹrẹ tó dára jù nínú ìtàn wa ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ẹ̀kọ́ nínú ìjọba Action Group, gbé àbá ètò náà síwájú àwọn aṣòfin: ọdún 1955 ni yóò bẹ̀rẹ̀, owó orí tuntun ni wọn yóò sì fi ṣe é. Àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn owó orí yẹn rárá. Nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC ló borí Action Group ní Ìwọ̀-Oòrùn fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ṣí, iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì gbéra láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Ètò náà ní àbùkù. Àwọn tíṣà kò tó, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló lè yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọjọ́, owó àti orúkọ ẹni tó ṣèlérí wà níta. Ní ọdún 1956, àwọn olùdìbò tún gbé Action Group padà sípò. Ìbáwí àti ìyìn wá láti ọwọ́ àwọn olùdìbò kan náà, lórí ìlérí kan náà, láàárín ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlérí iná mànàmáná ti ìjọba Umaru Yar'Adua wé e. Ìjọba náà ní iná yóò tó mẹ́gáwáàtì 6,000 ní ìparí ọdún 2009. Ìlérí yìí ní iye, ó ní déètì, kò ṣẹ. Ìjọba sọ pé gáàsì kò dé ilé iṣẹ́ iná nítorí rògbòdìyàn ní Niger Delta. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ àwáwí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kò sí òfin kankan tó sọ ọ́ di dandan pé kí ìjọba wá síwájú ará ìlú láti fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Ìlérí náà ṣeé wọ̀n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wọ̀n ọ́n.

Irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Irinṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń rò ni ilé ẹjọ́. Ìwé òfin 1999, ní abala 14 tó wà nínú Orí Kejì rẹ̀, sọ pé ààbò àti ìgbáyégbádùn ará ìlú ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ìjọba, abala 224 sì ní ètò ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ bá Orí Kejì òfin náà mu. Ṣùgbọ́n abala 6(6)(c) ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ Orí Kejì yẹn. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2008, Stuart Wheeler pe ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́ pé ó ṣèlérí pé ará ìlú yóò dìbò lórí òfin àjọ Yúróòpù, kò sì mú un ṣẹ; ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ adájọ́. Mo gbà pé ìdájọ́ yẹn tọ́. Bí adájọ́ bá lè fi dandan lé ìlérí ìpolongo, adájọ́ ni yóò máa pín owó ìlú, adájọ́ kò sì jíhìn fún olùdìbò kankan. Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí ìlérí: nígbà tí ilé ẹjọ́ ECOWAS dá àjọ SERAP láre lórí ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ní ọdún 2010, ìwé àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni sọ lórí pèpéle ìpolongo.

Irinṣẹ́ kejì ni pípe aṣòfin padà sílé, tí abala 69 fàyè gbà. Àwọn tó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ẹkùn rẹ̀ lọ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn. Ní Kogi Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí àwọn Yorùbá Òkun pọ̀ sí, wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí aṣòfin àgbà Dino Melaye. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, yẹ ìwé náà wò ní oṣù Igbe ọdún 2018, 18,742 péré nínú 351,146 olùdìbò ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó fọwọ́ sí i, ìyẹn ìdá 5.34 nínú 100. Melaye ní àwọn ọ̀tá òun nínú òṣèlú ló wà nídìí rẹ̀. Ibi tó wù kí òótọ́ wà, ìtàn Yorùbá ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn òpìtàn ti kọ ọ́, bí ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, ọba náà yóò sì kú. Ìjíhìn tó le koko nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ Baṣọ̀run Gáà, olórí ìgbìmọ̀ náà, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó di idà tí ẹnì kan fi ń pa ọba lẹ́yìn ọba, títí Aláàfin Abíọ́dún fi rẹ́yìn rẹ̀. Ìjìyà tó bá tóbi jù, bí kò bá dùbúlẹ̀ sásán, ọwọ́ ọ̀tá ló máa ń bọ́ sí. Ní àfikún, aṣòfin nìkan ni abala 69 kàn. Kò kan ààrẹ, kò kan mínísítà.

Galadimawa: níbi tí okùn ti já

Ìjọba ológun Murtala Muhammed gba àbá ìgbìmọ̀ Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ó sì fi òfin dá Olú-Ìlú Àpapọ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé ọdún 1976, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí kìlómítà 8,000 níbùú lóròó. Ìlérí àkọ́kọ́ ni pé wọn yóò kó gbogbo onílẹ̀, Gbagyi àtàwọn mìíràn, lọ sí ibòmíràn, wọn yóò sì san owó gbà-má-bínú. Kò pẹ́ tí ìjọba fi yí ohùn padà pé ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ àti ibùgbé tuntun kò tíì tán nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abala 297 fi gbogbo ilẹ̀ Àbújá sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ta ni àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tí ilé ìgbàlódé ti yí ká yóò bi léèrè ìlérí 1976? Ìbò kọ́ ló gbé ìjọba tó ṣe é wọlé, ìjọba tó jogún rẹ̀ kò sì kà á sí ìlérí tirẹ̀.

Òfin 1999 kò tún okùn yẹn so. Abala 299 ní kí a ka Àbújá sí bí ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n abala 301 fi ààrẹ sí ipò gómìnà, abala 302 sì fún un láyè láti fi mínísítà ṣe é. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tún fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023 pé Àbújá kò ní àǹfààní kankan tó ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ohun tí kò ní tí ìpínlẹ̀ ní kò yí padà: gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tirẹ̀. Yàtọ̀ sí ìbò ààrẹ, ohun tó kù fún olùdìbò Galadimawa ni aṣòfin àgbà kan, aṣojú-ṣòfin kan, alága AMAC àti kánsẹ́lọ̀. Ní ọdún 2023, àwọn olùdìbò Àbújá yọ Philip Aduda, tó ti wà ní ilé aṣòfin àgbà láti ọdún 2011, wọ́n sì fi Ireti Kingibe rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n aṣòfin kì í la ọ̀nà, kì í sì í pín ilẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ wọn tó ni wọ́n bá wí, kò dájú pé òun ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Èyí kò túmọ̀ sí pé mínísítà kì í ṣiṣẹ́. Ó lè la ọ̀nà tó pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá là á, oore ni. Bí kò bá là á, kò sí ohun tí ará Galadimawa lè ṣe sí i.

Èsì sí àwọn àtakò

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé ayé ń yí padà, kí a má de ìjọba mọ́ ọ̀rọ̀ àná. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní àlàyé ni a ń béèrè, kì í ṣe ìjìyà. Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun, ṣèlérí ní 1970 pé òun yóò gbé ìjọba fún alágbádá ní 1976. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1974, ó ní ọdún 1976 kò ṣeé ṣe mọ́. Kò sí ibi tí ará ìlú ti lè bi í léèrè ìdí. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1975, ìbọn ló gbé e kúrò. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ìbéèrè tó ní àlàáfíà, àwọn tó nírin lọ́wọ́ ni yóò dáhùn fún ara wọn.

Àtakò kejì ni pé ìbò ti tó. Ó tó níbi tí okùn bá wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Liberal Democrats fọwọ́ sí i ní 2010 pé àwọn kò ní fọwọ́ sí àfikún owó ilé ẹ̀kọ́ gíga; nígbà tí wọ́n wọ ìjọba, àfikún dé. Ní 2015, ìjókòó wọn sọ̀ kalẹ̀ láti 57 sí 8. Ìlérí, ẹgbẹ́ àti ìbò wà lórí okùn kan. Níbi tí olóṣèlú bá ti lè sá kúrò nínú ẹgbẹ́ kan bọ́ sínú òmíràn, tàbí tí wọ́n bá ti lè yàn án láìdìbò, ìlérí di ọmọ tí kò ní bàbá.

Àtakò kẹta ni pé ará ìlú fúnra wọn kò bìkítà, ìrẹsì àti aṣọ ni wọ́n ń dìbò fún. Ìwádìí tí Leonard Wantchekon ṣe nígbà ìbò ààrẹ ọdún 2001 ní Bẹ̀nẹ̀ fi hàn lóòótọ́ pé ìlérí oore fún àdúgbò máa ń fa ìbò ju ìlérí fún gbogbo orílẹ̀-èdè lọ. Ṣùgbọ́n mo túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà mìíràn: oore àdúgbò ni ojú lè rí, ojú kò sì rí èkejì. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n, ohun tó lè fọwọ́ bà ni yóò gbà. Ẹ̀kẹrin ni pé bí ìjíhìn bá le, kò sẹ́ni tí yóò ṣèlérí mọ́. Ìwádìí tí Robert Thomson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2017, lórí ìlérí tó ju 20,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 12, kò gbe èyí lẹ́yìn: ẹgbẹ́ tó ń dá ìjọba ṣe máa ń mú ìlérí ṣẹ ju ẹgbẹ́ tó ń bá ẹlòmíràn pín in. Níbi tí ó bá ti hàn gbangba ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni ìlérí ti ń ṣẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Òfin ìdìbò 2022 mú kí olùdíje búra pé òun kúnjú òṣùwọ̀n tí ìwé òfin là sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá. Kí INEC máa gba ìlérí pàtàkì olùdíje pẹ̀lú déètì àti iye owó, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ síta. Kí òfin mú un ní dandan pé lọ́dọọdún, kí ẹni tó wà lórí àga wá ṣàlàyé, ní gbangba, èyí tó ṣe àti èyí tí kò ṣe. Nínú àbá kejì yìí kan náà, kí mínísítà Àbújá ṣe é níwájú àwọn aṣojú tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ibẹ̀ yàn. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù: kí wọ́n tún òfin ṣe kí ará Àbújá lè dìbò yan ẹni tó ń ṣàkóso wọn, àbá tí kì í ṣe tuntun rárá. Láìsí ẹ̀kẹta yìí, méjì àkọ́kọ́ yóò dára ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n ìdajì ni yóò dé Galadimawa. Di òní yìí, kò sí orúkọ mínísítà Àbújá lórí ìwé ìdìbò kankan tí wọ́n ń fún ará ibẹ̀.